Níbo Ni O Ń Sùn? Ọ̀rọ̀ Láísẹ́ǹsì fún Àwa Ará Ẹ̀yìn Odi

   

Láti ìgbà tí ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìdílé mẹ́ta ni ó ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé ní Mararaba, tí í ṣe ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Nasarawa, ṣùgbọ́n Àbújá ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá náà ní kí n sọ ibi tí ó yẹ kí ọmọ òun ti gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Jọ́ọ̀sì níhìn-ín wá. Ó ti rí iṣẹ́ sí Èkó, ṣùgbọ́n Ìbàfò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ti rí yàrá tí agbára rẹ̀ ká. Ẹnì kẹta, ọmọ bíbí inú mi ni, ìyá ìbejì, tí ó ń gbé ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní New York. Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọdún 31 ni mo fi wa lọ́rì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì wá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ẹbí lè rí i kà. Ìbéèrè mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ni ó ṣe kókó nínú wọn. Nígbà tí ìwé ìjọba bá bi ọ́ pé níbo ni ilé rẹ, ibi tí orí rẹ ń sùn lálaalẹ́ ni ó ń béèrè. Kì í ṣe ibi tí o ti ń jẹ owó oṣù, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n sin ìwọ́ baba rẹ sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi ti rí ṣe àlàyé.

Ọdún 1975 ni mo gba láísẹ́ǹsì mi àkọ́kọ́ ní Jọ́ọ̀sì. Pòtétò, kábéèjì àti tòmátì ni mo ń kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Gààrí, èlùbọ́ àti epo pupa ni mo ń kó bọ̀. Ọ̀nà wa gba Kàdúná, ó gba Tẹgínà, ó gba Mókwà, a ó sì sọdá Odò Ọya lórí afárá Jẹ́bá kí a tó kan Ìlọrin. Ìpínlẹ̀ 12 ni ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Benue-Plateau ni mo ti ń gbéra, n ó la North-Central já, n ó la North-Western já, n ó la Kwara já, kí n tó bọ́ sí Western State. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun sọ ìpínlẹ̀ di 19. Ojú kan náà ni ọ̀nà wà, kòtò kan náà ni ó wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìpínlẹ̀ yí padà, àfi Kwara nìkan. Plateau, Kàdúná, Niger, Kwara àti Ọ̀yọ́ ni mo wá ń là kọjá.

Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni mo ń fi táyà tẹ̀ nínú ìrìn-àjò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kan ni ó wà nínú àpò mi. Àwọn tí ń dúró lójú ọ̀nà béèrè oríṣìíríṣìí nǹkan lọ́wọ́ mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó sọ fún mi rí pé láísẹ́ǹsì tí mo gbà ní Jọ́ọ̀sì kò tó ní Ìlọrin.

Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ fi Òfin 45 ọdún náà dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́, Dókítà Olú Agúnloyè sì ni ọ̀gá àgbà àwọn ẹ̀ṣọ́ náà àkọ́kọ́. Lábẹ́ àjọ yìí ni láísẹ́ǹsì wa ti di ti orílẹ̀-èdè, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti Ṣókótó dé Kàlàbá. Láti ọdún 2011 ni irú èyí tí a ń lò lóde òní ti bẹ̀rẹ̀, tí a ń tẹ ìka sí, tí a sì ń ya fọ́tò fún lójú ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀: àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn VIO tí ń yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò, àti ilé-iṣẹ́ owó orí ti ìpínlẹ̀. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kan pàtó ni a ti ń gbà á.

Èyí ni mo fi dá ìyá náà lóhùn. Mo ní, "Ìyá wa, ibikíbi tí ọmọ yín bá ti gbà á, gbogbo Nàìjíríà ni yóò ti jẹ́. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lè mú un ní Àbújá nítorí pé Nasarawa ni ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì wà lára rẹ̀. Kí ó kọ àdírẹ́sì ibi tí ó ń sùn, kì í ṣe ti ọ́fíìsì, kì í ṣe ti àbúrò yín tí ó ní ilé ńlá ní Àbújá." Ìyá náà ní ṣé kò ní dára kí wọ́n kúkú bá a gbà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun mọ ẹnì kan níbẹ̀. Mo ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ, ìka tirẹ̀ ni wọn yóò sì tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò lè bá a yá ìka.

Ti ọmọkùnrin tí ó ń lọ sí Ìbàfò fi ọ̀rọ̀ owó orí kún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ní Ìbàfò, Mowé, Àkúté àti Ọ̀tà ni wọ́n ń jí lọ sí Èkó láàárọ̀, tí wọ́n sì ń padà sí Ògùn lálẹ́. Wọ́n rò pé Èkó ni ó ni wọ́n, nítorí pé Èkó ni ó ń rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin owó orí tí a ń yọ lára owó oṣù sọ pé ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ni owó náà, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni. Níbo ni o ń sùn?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọdá òkun, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù, tí ó sì ti bu àwọn ọmọ wa jẹ.

Ní Amẹ́ríkà, kò sí láísẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè bí tiwa. Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà níbẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì ń ṣe tirẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan jẹ́ ní gbogbo ìyókù fún àlejò àti fún ẹni tí ń kọjá. Bí ará New Jersey bá wakọ̀ lọ sí New York lójoojúmọ́ láti ṣiṣẹ́, tí ó sì ń padà sùn ní New Jersey, ti New Jersey náà tó o. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó gba méjì. Àní, wọn kò gbà kí ènìyàn ní méjì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láàrin ara wọn ni pé awakọ̀ kan, láísẹ́ǹsì kan, àkọsílẹ̀ kan. Bí o bá ṣẹ̀ sí òfin ní ìpínlẹ̀ kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò fi tó ìpínlẹ̀ tìrẹ létí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá kó ẹrù rẹ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn láti máa gbé ibẹ̀, ọjọ́ náà ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ fún ọ. California fún ni ní ọjọ́ 10. New York fún ni ní 30. New Jersey, Maryland, Virginia àti Pennsylvania fún ni ní 60. Texas fún ni ní 90. Kí ọjọ́ náà tó pé, o gbọ́dọ̀ ti mú láísẹ́ǹsì àtijọ́ wá kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n sì fún ọ ní tiwọn. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀ ni àwọn sọ́jà, tí a lè gbé lọ sí ibikíbi, àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ilé òbí wọn ṣì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ń san owó ilé, kò sí nínú wọn.

Ọmọ mi yìí, nọ́ọ̀sì ni. Bronx ní New York ni ó kọ́kọ́ gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti gba láísẹ́ǹsì. Nígbà tí ó bí ìbejì, ilé náà há mọ́ wọn, wọ́n bá kó lọ sí Newark ní New Jersey, tí owó ilé ti fúyẹ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò yí padà. Láàárọ̀ ni yóò sọdá odò Hudson, lálẹ́ ni yóò sọdá padà. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ òun wà ní New York, láísẹ́ǹsì New York náà ni ó tọ́ sí òun. Nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ àti ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀ sì wà lórí àdírẹ́sì Bronx síbẹ̀, ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ń bá a gba lẹ́tà.

Ọdún kan kọjá, ó lé. Ní ọdún 2022, nígbà òtútù, yìnyín bo títì, ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì lọ kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì náà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé níbo ni ọkọ̀ yìí ń sùn lálaalẹ́. Ó dáhùn bí ó ti rí, nítorí pé a kò kọ́ ọ ní irọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé tí ọkọ̀ ń sùn ni àwọn fi ń ṣírò owó, pé ohun tí ó kọ sínú ìwé kì í ṣe ohun tí ó wà. Wọ́n sanwó ọkọ̀ ẹni kejì. Wọ́n ní tirẹ̀ kò kàn wọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ó mọ bí ó ti dùn wá tó. Owó tí ó ti ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ fún òrùlé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi ra ọkọ̀ mìíràn, nítorí pé kò lè ṣe kí ó má dé ibi iṣẹ́. Títí di òní, ògiri ni ilé náà ṣì jẹ́, koríko sì ti hù nínú pálọ̀.

Ó pè mí lórí fóònù lóru ọjọ́ náà. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé ibi tí mo ti ń jẹun ni wọn yóò kà sí ilé mi."

Mo ní, "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Owó ni ó lọ, ẹ̀mí kò lọ. Ibi tí o ti ń jẹun, oko ni. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko."

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ó lọ sí ọ́fíìsì ní New Jersey. Àwọn ni wọ́n ń ṣírò ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú máàkì. O gbọ́dọ̀ ní máàkì mẹ́fà kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Ìwé ìrìnnà rẹ ní iye tirẹ̀, káàdì báǹkì ní iye tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí ó mú ìwé tí ó fi hàn pé Newark ni ó ń gbé wá: ìwé ìháyà ilé, ìwé owó iná, tàbí ìwé láti báǹkì. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n gba káàdì New York lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di awakọ̀ New Jersey. Wọn kò ní kí ó tún wakọ̀ fún àwọn wò. Ó ní gbogbo rẹ̀ kò gba ju òwúrọ̀ kan lọ. Òwúrọ̀ kan, ẹ̀yin ará, ni ó dúró láàrin òun àti òrùlé náà.

Ti owó orí nìkan ni ó yàtọ̀ sí tiwa. Nítorí pé New York ni ó ti ń ṣiṣẹ́, New York ń gba owó orí lórí ohun tí ó pa níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, òun yóò sì kọ ìwé fún New Jersey pẹ̀lú, tí àwọn yóò yọ ohun tí ó ti san lọ́hùn-ún kúrò. Ìpínlẹ̀ méjì ni ó ń kọ̀wé owó orí sí, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kan ni. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Ó sì tún wù mí kí ẹ gbọ́ ti àwọn awakọ̀ ńlá níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ irú èmi. Ṣáájú 1986, àwọn kan nínú wọn máa ń ní láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Bí wọ́n bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ wọn nítorí ẹ̀ṣẹ̀, wọn yóò yọ òmíràn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe ní 1986 ni ó fòpin sí i. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ ẹrù ńlá lè la gbogbo ìpínlẹ̀ já, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni yóò ní, láti ìpínlẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà. Ẹni tí kò sùn sí ojú kan ju ọjọ́ méjì lọ ní ọ̀sẹ̀ pàápàá, òfin ní ó gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí ó ń padà sí.

Àwa Yorùbá ni ó ṣòro fún láti lóye ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá wà ní oko ẹgàn fún oṣù mẹ́fà, tí ó kọ́ ahéré síbẹ̀, tí ó ń sùn síbẹ̀, bí o bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò dá ọ lóhùn. Òtítọ́ ni ó sì sọ. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti wà ní Jọ́ọ̀sì, síbẹ̀ bí mo bá sọ pé mò ń lọ "sílé," ẹ mọ ibi tí mò ń lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ọkàn ń sọ àti ilé tí ìwé ń béèrè kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tí kò bá sì fi ìyàtọ̀ sí wọn lè fara gbá nǹkan.

Èmi mọ̀ ọ́n láti kékeré. Tamale ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí. Baba mi ń ta aṣọ ní ọjà níbẹ̀, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì ní ilé. Kò ní ìwé kankan tí ó sọ pé ó ń gbé ibẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Aṣọ tí baba mi fi ọdún púpọ̀ kó jọ, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi tà á ní ìtàkútà. A gba Tógò, a gba ilẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà, a wọ Nàìjíríà. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ará Gánà ni wọ́n ń pè wá. Kí a má sì ṣe rò pé àwọn ará Gánà nìkan ni wọ́n ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé pé kí wọ́n jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà. Mo rí wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo mọ bí ó ti rí lára wọn.

Baba mi kò fi gbogbo èyí bínú sí ẹnikẹ́ni títí tí ó fi kú. Ohun kan ni ó máa ń sọ fún wa: kí ìlú tí a bá ń sùn mọ orúkọ wa nínú ìwé. Nígbà tí mo wá sí Jọ́ọ̀sì ní 1971, ọ̀rọ̀ yìí ni mo mú dání.

Ẹ̀yin náà yóò sọ pé ní Nàìjíríà níhìn-ín, orúkọ inú ìwé kì í tó. Òótọ́ ni. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ ní abala 41 pé ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibikíbi tí ó bá wù ú. Ní abala 15, ó ní kí ìjọba rí i pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé abala 318, tí ó ń ṣàlàyé ẹni tí ó jẹ́ "ti" ìpínlẹ̀ kan, ó ní ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọmọ-ọmọ mi tí a bí ní Jọ́ọ̀sì, tí baba rẹ̀ náà jẹ́ bíbí Jọ́ọ̀sì, fi ní láti lọ gba ìwé ọmọ ìlú ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí kò ti mọ ọ̀nà ọjà. Ìbejì tí wọ́n dé Newark pẹ̀lú ilédìí, ọmọ New Jersey ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn aṣòfin máa sọ ọ́ títí yóò fi yí padà.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé kan ń béèrè baba wa, kí a má ṣe kọ àwọn ìwé tí ń béèrè àwa fúnra wa sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì wà nínú wọn. Owó orí wà nínú wọn. Òfin ìdìbò tí a ṣe ní 2022 pàápàá gbà kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ ní ibi tí ó ń gbé, tàbí ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́ kí ó mú ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń gbé ìlú kan ní ogún ọdún, tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ń sọ ibòmíràn, tí káàdì ìdìbò rẹ̀ ń sọ ibòmíràn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ ara rẹ̀ di àlejò.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n to ìmọ̀ràn mi lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tí kò bá lè ka gbogbo rẹ̀ lè ka ìwọ̀nyí.

Èkíní: kí àwọn ọmọ wa ní Nàìjíríà gba láísẹ́ǹsì níbi tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n lọ fúnra wọn, kí àdírẹ́sì inú rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Bí wọ́n bá kó kúrò, kí wọ́n lọ tún un ṣe.

Èkejì: kí ẹni tí ó bá kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà béèrè ní ọ̀sẹ̀ kìíní iye ọjọ́ tí wọ́n fún un. Kí ó yí láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìnṣọ́ráǹsì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń rìn pọ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ tàbí ti ẹ̀gbọ́n nítorí pé ìnṣọ́ráǹsì rọ̀ ní àdúgbò wọn. Owó díẹ̀ ni wọn yóò rí níbẹ̀, púpọ̀ ni wọn yóò pàdánù lọ́jọ́ ìjàm̀bá. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yá ni ní àdírẹ́sì, oore kọ́ ni ẹ ń ṣe.

Ẹ̀kẹrin: fún àwọn tí ọmọ wọn wà ní ìlú ọba, oṣù 12 ni ará Nàìjíríà tí ó ń gbé ibẹ̀ lè fi láísẹ́ǹsì ilé wakọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdánwò tiwọn. Ọjọ́ tí ó di olùgbé ni wọ́n ti ń ka á, kì í ṣe ọjọ́ tí ó ra ọkọ̀.

Ẹ̀karùn-ún: kí àwa òbí máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. A máa ń béèrè pé ṣé o ti jẹun, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ìgbà wo ni o ń bọ̀ wálé. Ó yẹ kí a fi kún un pé ṣé ìwé rẹ mọ ibi tí o ń sùn.

Ìyá ìbejì ní kí n bá òun kí gbogbo ẹgbẹ́. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí fi owó òrùlé pamọ́, ó sì ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, ilé náà yóò di bíbò kí àwọn ìbejì tó wá mọ ìlú baba ńlá wọn. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìjàm̀bá lójú ọ̀nà, kí ó máa mú ẹni tí ó jáde padà wọlé ní àlàáfíà, kí ó sì jẹ́ kí ilé gba gbogbo wa. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àgbà awakọ̀ kan nínú ẹgbẹ́, Jọ́ọ̀sì